Ẹ̀ẹ̀mejì Ló Lu Ẹní

Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, púlọ́ḿbà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kúkurú ni, ó ki pọ́pọ́, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, àpò irinṣẹ́ sì ti wà léjìká rẹ̀ òsì pẹ́ débi pé èjìká yẹn ti rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Tí ògiri ilé ìdáná ẹnì kan bá ń tutù, tí wọn ò mọ ibi tí páìpù ti ń jò, òun ni wọ́n máa ń pè. Á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, á gbé etí lé e, á ní, "Ibí ni." Wọ́n á fọ́ ibẹ̀, wọ́n á sì bá omi níbẹ̀. Mi ò tíì rí i kó ṣì í rí.

Díákónì ni nínú ìjọ wa. Òun ló ń darí àdúrà ọjọ́rú. Mi ò sọ èyí láti fi gbé e ga. Mo sọ ọ́ nítorí pé díákónì ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi àbúrò rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ja jíújítsù. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ̀rín ni. Wọ́n pè é pé kó wá tú páìpù tó dí ní balùwẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Bó ṣe ń gba yàrá ńlá ibẹ̀ kọjá, ó rí àwọn àgbàlagbà tó ń yí gbirigbiri lórí ẹní rọ́bà, ẹsẹ̀ ẹnì kan lọ́rùn ẹnì kejì, orí ẹnì kan lábẹ́ abíyá ẹlòmíì. Ó dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

"Ṣé ìjà lẹ ń jà ni àbí eré lẹ ń ṣe?"

Ọ̀gá wọn ló dá a lóhùn. Ọkùnrin yẹn ti wa bọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ó ní, "Tún balùwẹ̀ wa ṣe ná. Tó o bá ṣe tán, bọ́ bàtà kó o wá wò ó."

Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ yẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó wá nǹkan ṣe sí ara rẹ̀. Ó tún balùwẹ̀ ṣe, ó bọ́ bàtà. Bó ṣe di ará ibẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìjàkadì tó ti Bùràsíìlì wá ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ìtàpá. Èèyàn méjì á dì mọ́ra wọn, ọ̀kan á máa wá bó ṣe máa di ọrùn, apá tàbí ẹsẹ̀ èkejì mú débi tí onítọ̀hún ò ní í rí nǹkan kan ṣe mọ́. Ẹni tí wọ́n bá dì mú á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹní lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gbà nìyẹn, ẹni tó dì í mú sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun ló jẹ́ kí èèyàn lè gbé ọrùn rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé, kó sì lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Ẹ̀gbọ́n mi wúwo, kò yára. Àwọn tó fúyẹ́ máa ń sá yí i ká bí eṣinṣin. Ó wá gbájú mọ́ ẹsẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò lè gun igi, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ni kó dì mú." Láàárín ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó sún mọ́ ẹsẹ̀ òun mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Sípánà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ́ mi sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ rẹ̀ kó lè fi hàn mí. Ó ní, "Ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa ń kánjú nawọ́ sí. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rí i mú. Itan lo máa kọ́kọ́ há." Ó fi orúnkún rẹ̀ méjèèjì há itan mi bí ẹnu fáìsì tó fi ń di páìpù mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ìbàdí mi. "Yí báyìí, jẹ́ n rí i."

Mi ò lè yí.

"Ṣó o rí i? Mi ò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ. Ilẹ̀kùn ti tì, kí ni mò ń kánjú fún?" Ìgbà yẹn ló tó gbé ẹsẹ̀ mi sábẹ́ abíyá, tó fi egungun apá rẹ̀ sábẹ́ iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi. Kò fà á. Ó kàn na àyà rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó ń yán, ni mo bá ń lu kápẹ́ẹ̀tì wàràwàrà.

Ìyàwó rẹ̀ kígbe láti ilé ìdáná: "Ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ fún mi o!"

"Ọmọ ìyá mi ni!"

"Ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù!"

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Èyí tí mo ṣe fún ẹ yẹn, ọmọlúàbí ni, torí ó máa ń dunni kó tó bani jẹ́. Ṣùgbọ́n ìkọ́ gìgísẹ̀ wà. Ìka ẹsẹ̀ ẹni náà á wà lábẹ́ abíyá rẹ, gìgísẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sínú ìgúnpá rẹ, o ó wá yí gbogbo ara rẹ pọ̀. Gìgísẹ̀ lo yí, orúnkún ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ìyẹn máa ń bàjẹ́ kó tó dunni. Ẹni tó bá ń dúró de ìrora níbẹ̀, ó ti pẹ́."

Nítorí ìkọ́ yìí, Ọ̀gá ṣe òfin méjì sí yàrá náà. Èkíní ni pé ẹni tó bá fi ìgúnpá kọ́ gìgísẹ̀ ẹlòmíì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kó sì rọra yí. Èkejì ni pé ẹni tí wọ́n dì mú tí kò tètè lu ẹní, tó wá tìtorí bẹ́ẹ̀ fara pa, tí ara rẹ̀ bá yá, á wá dúró níwájú gbogbo wa, á bẹ ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Ọ̀gá ní, "Agídí rẹ ti sọ ọmọnìkejì rẹ di aṣeniléṣe. Ìwọ lo jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dáa. Àwọn méjèèjì á dì mọ́ra, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Òfin kejì yìí ló wá di ẹjọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn.

Ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Télọ̀, nítorí télọ̀ ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń rán aṣọ ilé ìwé fún gbogbo àdúgbò nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé. Ara rẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú, kò tíì tó ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un lọ́wọ́ nígbà tó dé yàrá náà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, òun ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹsẹ̀: bí wọ́n ṣe ń há itan, bí wọ́n ṣe ń fi gìgísẹ̀ pa mọ́, bí wọ́n ṣe ń yọ orúnkún jáde kí ilẹ̀kùn tó tì. Ọmọ náà gbọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú mọ́. Bó bá há itan rẹ̀, Télọ̀ ti yọ. Bó bá nawọ́ sí gìgísẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa bá níbẹ̀.

Inú olùkọ́ ló yẹ kó dùn. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, fún bí oṣù mẹ́ta.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, èmi ni mò ń ṣọ́ aago. Orúnkún tèmi ò dáa tó kí n máa jà, ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi gbé iṣẹ́ aago fún mi. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n ń jà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, Télọ̀ ti yọ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó ń wòran sì ti ń dẹ́rìn-ín pa ara wọn.

"Sípánà, nọ́ọ̀tì ti yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ o!"

"Eyín sípánà ti jẹ tán! Ẹ bá wọn ra tuntun!"

Télọ̀ fúnra rẹ̀ tún fi tirẹ̀ kún un bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi tán, ẹ ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ara yín."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín rẹ̀ láti kékeré. Èyí ò dé ojú rẹ̀.

Nígbà kẹrin, ó rí i mú. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì há itan Télọ̀ ṣinṣin, ìbàdí Télọ̀ ò lè yí síbì kan, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sínú ìgúnpá ẹ̀gbọ́n mi bí ìgbà tí ọmọ orí odó bọ́ sínú odó. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wá láti oṣù mẹ́ta ti dé ọwọ́ rẹ̀. Télọ̀ mọ̀ pé ó ti tán. Kò ṣe agídí rárá. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó lu ẹní lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i. Ẹ̀gbọ́n mi náà rí i, nítorí ara ọwọ́ yẹn gan-an ni ojú rẹ̀ wà.

Ó sì yí i.

Kò yí i púpọ̀. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà nìyẹn, pé òun ò yí i púpọ̀. Bí ẹni tó ti fún nọ́ọ̀tì le tán tó tún fi díẹ̀ sí i. Ohun tí a gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ya aṣọ tuntun.

Télọ̀ ò tiẹ̀ kígbe lójú ẹsẹ̀. Ó wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń wo orúnkún ẹlòmíì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni igbe dé. Ọ̀gá sáré wá, gbogbo wa yí i ká. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde láàárín wa, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Kò tètè lù ú. Mo dúró dè é, kò lù ú."

Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ló dàgbà jù lẹ́yìn Ọ̀gá, wọ́n sì mọ̀ pé ó máa ń gbàdúrà kó tó gun orí ẹní. Télọ̀ di orúnkún mú, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Bóyá mo pẹ́ ni. Mi ò mọ̀. Bóyá mo pẹ́."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìwọ tó ò ń ṣọ́ wọn, kí lo rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Òun ló san owó ilé ìwé mi nígbà tí bàbá wa kú. Òun ló dúró bíi bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Mo ní, "Aago ni mò ń wò, sà."

Iṣan méjì ló já nínú orúnkún Télọ̀, orúnkún ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Dókítà ní á rìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má retí pé á lè fi ẹsẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Télọ̀ wá di ẹni tó ń gé aṣọ, tó ń di bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínà gbọọrọ lórí àga kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ò já wọn jù sílẹ̀. Kí n sọ òtítọ́: kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò lọ, èmi náà sì máa ń bá a lọ. Ó tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wọn ṣe, ó pààrọ̀ páìpù abẹ́ rẹ̀, ó fi rọ́bà dí ibi tó ń jò ní balùwẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, á fọ ọwọ́, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún náà mú, á gbàdúrà. Ìyàwó Télọ̀ á máa ṣe àmín pẹ̀lú omijé. "Ẹ̀gbọ́n, irú yín ò pọ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ tó bá ń sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. "Òun ló fi agídí ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ̀yin lẹ wá ń jìyà rẹ̀ pẹ̀lú wa." Èmi máa ń tẹjú mọ́ bàtà mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, nínú ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ló lu ẹní."

Ó ń wa ọkọ̀ lọ. "Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ máa sọ fún un?"

"Mo ti sọ fún Ọlọ́run." Ó dúró fún àwọn tó ń sọdá títì, ó tún tẹ̀ síwájú. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ lé e lórí. Lọ́jọ́ kẹta, ọkàn mi fúyẹ́. O mọ bó ṣe máa ń rí."

"Mo mọ̀, sà. Télọ̀ ńkọ́?"

"Tí Ọlọ́run bá ti dárí jini, ta lèèyàn?"

Mo gbà gbọ́ pé Ọlọ́run ń dárí jini, mo ti rí i nínú ayé ara mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹnì kan ni wọ́n ṣẹ́ orúnkún rẹ̀, ẹlòmíì ni ọkàn rẹ̀ wá fúyẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìtùnú tòótọ́ ló rí gbà, ta ló rán an sí i láìkọ́kọ́ bi Télọ̀? Tí kì í bá sì í ṣe tòótọ́, mélòó nínú èyí tí èmi náà ti ń rí gbà láti ọdún pípẹ́ wá ló jẹ́ irú rẹ̀? Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà lórí ẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo máa mú un. Mo dìde. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni Ọ̀gá pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní Télọ̀ ti lè fi ọ̀pá rìn, ó sì ti ní òun ń bọ̀ ní Sátidé láti wá tẹ̀ lé òfin yàrá. Ó fẹ́ bẹ Sípánà.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé orí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló ń wá wá? Ta ló ní kó wá?" Lẹ́yìn náà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé ká ní ọjọ́ míì ni, ǹ bá fi rín ín títí. Ó ní òun ti ń gbàdúrà láti àárọ̀ kí òjò ńlá rọ̀ ní Sátidé.

Òjò ò rọ̀. Oòrùn tí kò ràn fún ọ̀sẹ̀ méjì ló yọ lọ́jọ́ yẹn.

Télọ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn nìkan gbà á ní àkókò. Kò sẹ́ni tó lọ ràn án lọ́wọ́, torí a mọ̀ pé kò fẹ́. Ó rìn dé àárín ẹní, ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Àwa tó kù jókòó yí ká.

"Ẹ mọ̀ pé èmi kì í dákẹ́," ó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ní tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi yá bíi ti ẹnu mi ni, orúnkún mi ì bá wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé téèyàn bá dúró de ìrora, ó ti pẹ́. Mo gbọ́ ọ, mi ò lò ó. Mo ti gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo lu ẹní, mi ò rí i. Nígbà míì á máa ṣe mí bíi pé mo tètè lù ú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, torí ẹ̀yin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo ti jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tiyín káàkiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ẹ máà bínú."

Ó na ọwọ́.

Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ti dá a dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ parí. Èyí ni mi ò lè gbé kúrò lójú mi títí dòní, ju yíyí tó yí ẹsẹ̀ náà lọ: pé ó dúró síbẹ̀, ó ń mi orí, ó jẹ́ kí ẹni tó ṣe léṣe bẹ òun dé ìparí. Ó tiẹ̀ gba ọwọ́ náà. Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kò lè jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Télọ̀ fà á díẹ̀, kò bọ́. Ìpàtẹ́wọ́ rọlẹ̀.

"Ó lù ú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọ̀gá ní, "Ta ló lu kí ni?"

"Ó lu ẹní. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rí ọwọ́ yìí." Ó gbé ọwọ́ Télọ̀ sókè bí ẹni tó ń fi ẹ̀rí han adájọ́. "Mo rí i, mo sì yí i. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó dùn ún."

Ohùn mi ti jáde kí n tó mọ̀: "Èmi náà rí i, sà. Kì í ṣe aago ni mò ń wò."

Ọ̀gá wo èmi, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹní mi." Kò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo.

Télọ̀ ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń wò, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. "Mo tètè lù ú," ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, kò sí àwàdà kankan lójú rẹ̀ mọ́. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Aya mi ń pè mí ní olóríkunkun níwájú àwọn ọmọ mi, mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó nínú ilé mi, ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Télọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo…"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀ mí. Ẹ lọ sọ fún ìyàwó mi. Ẹ̀yin fúnra yín. Mo máa jókòó síbí ná, kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ tán kí n tó délé. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́ fún un."

A lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò wa ọkọ̀, a fi ẹsẹ̀ rìn. Ìyàwó Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ, òkìtì aṣọ ilé ìwé aláwọ̀ ewé tó ga tó ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn ìwọ̀n lọ́rùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó rí wa.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ó ti bẹ̀ yín? Ṣó sọ ọ́ dáadáa? Mo ní kó má ṣàwàdà, mo mọ̀ pé ó ṣe é. Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga tí Télọ̀ máa ń na ẹsẹ̀ lé. Ó rí i pé àga yẹn ni, ó dìde, ó tún jókòó sí ibòmíì. Ó ní, "Ìyàwó wa, kò jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀." Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ìkankan pa mọ́, kò fi Ọlọ́run kún un. Ẹ̀rọ ṣì ń lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí Télọ̀ ti lu ẹní, ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró.

Mo rò pé á bú u. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú u, kó bú èmi náà mọ́ ọn. Ó yọ okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn, ó rọra ká a.

"Ẹ máa ń kúnlẹ̀ síbí," ó ní. Ó na ìka sí ilẹ̀. "Ẹ máa ń di orúnkún rẹ̀ mú. Èmi máa ń ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń sọ fún Ọlọ́run?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀ náà pẹ́. "Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó sàn," ó ní, "kí n má baà ní láti sọ ọ́."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn wá pé àdúrà tó jẹ́ òtítọ́ jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá Ọlọ́run máa ń gba irú rẹ̀, tàbí bóyá àìgbà á gan-an ni ìdáhùn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mọ̀, kó sọ fún mi.

Nísàlẹ̀ ilé, ilẹ̀kùn ìta ṣí, ó padé. Ọ̀pá kan àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Èkejì wọ́ gẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ lé ìyẹn. Ó sinmi. Ọ̀pá tún kan àtẹ̀gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ n lọ fún un léjìká."

"Ẹ jókòó," ni ìyàwó Télọ̀ wí.

"Ìyàwó wa, kí n kàn…"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ jókòó. Ojoojúmọ́ lèmi ń jókòó síbí gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ tòní."

Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé.